Wọ́n Ń Wá Mi ní Dallas, Etíkun Ítálì Ni Mo Wà

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, ní oṣù July ọdún 1986. Ìyá mi dúró nídìí síǹkì nínú ilé wa ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, wọ́n ń fọ abọ́ tí a fi jẹun, Ṣídíkátù ọmọ mi sì ń sùn lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé láti Ìwó ni wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó èlùbọ́ sí. Wọ́n ní èèrà ò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fọ̀ ọ́," ni mo wí.

"Kí ọwọ́ tèmi wá máa ṣe kí ni?"

Lórí ògiri, lẹ́bàá tẹlifóònù, kàlẹ́ńdà kan wà tí Lará fún mi. Lará ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àwòrán oṣù yẹn jẹ́ ti abúlé kan létí òkun ní Ítálì. Ilé pupa, ilé aláwọ̀ ọsàn, ilé tó pọ́n bí inú ẹyin, wọ́n to ara wọn sórí àpáta bí ẹni to igbá sórí àtẹ, òkun sì ń dán nísàlẹ̀ wọn. Ìyá nu ọwọ́ wọn sára ìró, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí.

"Ta ló ní kí wọ́n lọ kọ́lé sórí àpáta? Ta ló ń bá wọn pọn omi gun òkè yẹn?"

"Ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, Ìyá."

"Ẹ̀rọ náà tún ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí abọ́ wọn.

Èmi ò padà sídìí nǹkan kan. Mo ṣì ń wo àwòrán náà.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan padà nínú ayé mi, ọjọ́ yẹn ni mà á mú. Kì í ṣe pé ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Torí pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Hajarat ni orúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì ti lo ọdún mẹ́wàá ní Houston. Mo kàwé, mo di nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ Nùrúdíìnì. Ọdún yẹn ni owó epo já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ dá a dúró, ó wá ń wa takisí. Ìyá mi, Làdíátù, ti wá láti ọdún tó ṣáájú láti bá mi tọ́jú ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n fún wọn, èmi ni mo ń fún wọn lóògùn.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá ń fẹ́ láyé: kí wọ́n fi ojú ara wọn rí Mẹ́kà. Mo ti ṣèlérí. Nígbà tí ọdún Iléyá ti 1986 kọjá tí mi ò tíì rí ọ̀nà sí i, mo ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀, Ìyá."

"Ó dáa, ọmọ mi," ni wọ́n fèsì. "Ẹni tí Ọlọ́hun bá pè ló ń lọ."

Wọn ò mẹ́nu kàn án mọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni Lará jókòó tì mí níbi tí àwa nọ́ọ̀sì ti ń jẹun.

"Haja, gbọ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn Amẹ́ríkà láti fò lọ Yúróòpù lọ́dún yìí, wọ́n ní bọ́ǹbù pọ̀ níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wálẹ̀. Àwa obìnrin mẹ́rin péré. Ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn abúlé inú kàlẹ́ńdà yẹn gan-an la ń lọ."

"Kí ni kí n wí fún ìyá mi?"

"Sọ fún wọn pé o fẹ́ lọ gba atẹ́gùn."

"O ò mọ ìyá mi. Wọ́n á bi mí pé ta ni mo ní níbẹ̀."

"Sọ pé èmi lo ní."

"Lará, mi ò ṣeré. Mi ò tíì gbé wọn dé Mẹ́kà."

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Mẹ́kà ò ní sá lọ. Ìwọ ni mò ń wò tó ń sá lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà wo lo sinmi gbẹ̀yìn? Láti ibi iṣẹ́ dé ìdí ọmọ, láti ìdí ọmọ dé ibi iṣẹ́. Wo ojú rẹ nínú dígí tó o bá délé."

Mo wo ojú mi nígbà tí mo délé. Lará sọ òtítọ́.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn gbèjà ara mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo na ìka sí kàlẹ́ńdà náà, tí mi ò tíì ṣí kúrò ní oṣù July.

"Ìyá, bí ẹnìkan bá ní kí n wá wo ibí yìí ńkọ́?"

"Ta lo ní níbẹ̀?"

"Mi ò lẹ́nìkan."

"Ṣé ọjà lo fẹ́ lọ rà?"

"Rárá, Ìyá."

"O fẹ́ wọ bàálù lọ wo ilé onílé, kí o sì tún padà?"

Nùrúdíìnì bú sẹ́rìn-ín lórí àga. "Ìyá, ẹ má dá a lóhùn. Kó kọ́kọ́ gbé yín dé Mẹ́kà ná, kó tó máa lọ ka fèrèsé àwọn Ítálì."

Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ẹni tó bá rìnrìn àjò, ó ní ẹni tó ń lọ kí, tàbí ohun tó ń lọ rà, tàbí ibi tó ń lọ kírun. Ẹni tó lọ kìkì láti wòran, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń retí Mẹ́kà, kò sí orúkọ rere tí wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bí Dallas.

Irọ́ náà rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n ti rán nọ́ọ̀sì méjì lọ sí Dallas nígbà kan láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Mo ní ó ti kan èmi àti Lará. Mo ní ọjọ́ mẹ́wàá ni.

"Nọ́ńbà wo la ó fi pè ọ́?" Nùrúdíìnì béèrè.

"Wọn kì í jẹ́ ká gba ìpè níbẹ̀. Èmi ni mà á máa pè."

Mo gba físà, mo fi ìwé ìrìnnà mi pamọ́ sísàlẹ̀ báàgì iṣẹ́ mi. Ìyá fúnra wọn ló lọ aṣọ nọ́ọ̀sì mẹ́rin fún mi, funfun báláú, wọ́n ká a bí ẹni ká aṣọ ọdún. Mo tò wọ́n sókè àpótí, àwọn aṣọ aláràbarà tí mo rà fún etíkun wà nísàlẹ̀ wọn.

Sátidé tí mo máa lọ, aago méje àárọ̀, mo bá Ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ti iwájú orí.

"Orí ń fọ́ mi díẹ̀. Bóyá oòrùn àná ni."

Mo mú ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo dì í mọ́ wọn lápá, mo fún un, mo fetí sí i. Igba ó lé mẹ́rin lókè. Ọgọ́fà dín méjì nísàlẹ̀. Mo tú u, mo tún un wọ̀n. Kò yí padà.

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tó kàn. Kí n gbé wọn sínú ọkọ̀, kí n forí lé ọsibítù, kí n gbàgbé bàálù. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Nísàlẹ̀, Lará ti ń fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀.

"Kí ni ẹ̀rọ wí?" Ìyá béèrè.

"Ó ní ẹ ti padà di ọmọge."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ gbá mi lórúnkún. "Ẹ̀rọ òpùrọ́."

Mo fún wọn ní oògùn méjì dípò ẹyọ kan. Mo ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má sì fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan fún Nùrúdíìnì. Ìyá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Àwẹ̀ró, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà yé ọ. Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ rere ni. O ò ní bá ibi nílé."

"Àmín, Ìyá," ni mo wí, mo sì gbé àpótí mi.

Mi ò ní parọ́ fún yín kí n ní mi ò gbádùn ibẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀.

Láti Róòmù, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí apá àríwá, títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú àpáta kọjá. Òkùnkùn á ṣú, lẹ́yìn náà òkun á ṣí lójú wa lójijì, aláwọ̀ aró, òkùnkùn á tún ṣú. Ọkọ̀ náà ń dúró ní abúlé márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn létí omi. Monterosso là ń sùn. Láàárọ̀, a ó wọkọ̀ lọ sí Vernazza tàbí Manarola, a ó gun àtẹ̀gùn òkúta láàárín àwọn ilé tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ tí wọ́n sá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi wọn wá sáàárín ìgboro bí àwa ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn ẹja àti ọsàn wẹ́wẹ́ gba ibi gbogbo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó pè mí láti wá ṣe nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pe ilé láti Monterosso. Nùrúdíìnì kí mi, ó gbé e fún Ìyá.

"Àwẹ̀ró, ohùn rẹ jìnnà."

"Dallas ló jìnnà, Ìyá. Orí ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́. Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ?"

Ẹja ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. "Ẹja," ni mo wí kí n tó ronú.

"Òkun wà ní Dallas?"

"Wọ́n ń gbé e wá ni, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Má fi tèmi da ara rẹ láàmú. Kọ́ṣẹ́ rẹ dáadáa. Ṣídíkátù ti ń pe ẹyẹ ní 'adìyẹ', gbogbo ẹyẹ pátá. O ò bá gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mà á pè lọ́la. Mi ò pè lọ́la, mi ò sì pè lọ́túnla. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ pè, mo máa ń rántí pé mo gbọ́dọ̀ tún hun Dallas tuntun, ó sì máa ń rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Jímọ̀, èmi nìkan lọ sí Vernazza. Lará àti àwọn yòókù fẹ́ wẹ̀ lókun. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ dúdú jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń fa egungun inú àwọn ẹja kéékèèké, ó ń tò wọ́n sínú iyọ̀. Ó na àpótí kékeré kan sí mi pé kí n jókòó. A ò gbọ́ èdè ara wa. Ó fọwọ́ juwe ikùn rẹ̀, ó fọwọ́ juwe mi: ṣé mo ní ọmọ? Mo yọ fọ́tò kan nínú báàgì. Ṣídíkátù ló wà níbẹ̀, Ìyá gbé e sẹ́sẹ̀.

Obìnrin náà kò wo ọmọ. Ó gbé ìka tó ti rin fún iyọ̀ lókè ojú ìyá mi, kò jẹ́ kó kàn án. "Mamma," ló wí. Ó wò mí. Kì í ṣe ìbéèrè ló bi mí. Ó kàn mọ̀ ni.

Ojú tì mí débi pé mo dìde. Mo wá ibi tí mo ti lè tẹ ilé láago. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sì ni ní Houston. Ilé kọfí kan wà nítòsí èbúté, wọ́n gbé tẹlifóònù sínú àpótí onígíláàsì. Mo tẹ nọ́ńbà wa.

Nùrúdíìnì ló gbé e. Mo gbọ́ ohùn àwọn èèyàn púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn dákẹ́.

"Bàbá Ṣídíkátù, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀."

"Ẹ má bínú, mi ò ráàyè pè. Kíláàsì pọ̀ jù."

"Kí ni wọ́n kọ́ yín lánàá?"

"Ti kíndìnrín náà ni. Bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ mọ́ aláìsàn."

"Títí di aago mélòó?"

"Aago márùn-ún."

"Níbo lẹ ti jẹun?"

"Níbẹ̀ náà ni."

"Lará ńkọ́?"

"Ó wà. A jọ ń gbé yàrá kan ni."

"Ojú ọjọ́ ńkọ́?"

"Oòrùn ni ṣáá. Ẹ ṣáà mọ Dallas."

Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò. Mo sì ń wọlé.

"Hajarat, mo pe ọ̀gá rẹ lọ́jọ́rú. Mo ní kí ó fún mi ní nọ́ńbà Dallas. Ó ní, Dallas wo? Ó ní ìsinmi lo gbà."

Mo fa ilẹ̀kùn onígíláàsì náà dé.

"Mo pe gbogbo ọsibítù tó wà ní Dallas. Mo sọ orúkọ rẹ fún wọn lẹ́tà lẹ́tà. Mo pe àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, mo bi wọ́n bóyá ọkọ̀ kan forí sọ igi. Níbo lo wà?"

"Ítálì."

"Ítálì."

"Èmi àti Lará àti obìnrin méjì. Kò sí ọkùnrin kankan, mo fi Ọlọ́hun búra."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ọkùnrin."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún wọn."

Mo gbọ́ tó yí ẹnu kúrò lórí ẹ̀rọ. "Alhaja, ẹ gbà á. Mi ò lè sọ ọ́."

Alhaja Sàlámọ́tù ló gba tẹlifóònù, àgbà àwọn obìnrin mọ́sálásí wa. Mo mọ̀ kí wọ́n tó lanu. Ọmọ Yorùbá tó bá wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n gbé e fún àgbà, ó ti mọ̀.

"Hajarat, ọmọ mi. Ṣé ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Kò sí, Ìyá."

"Jókòó sílẹ̀."

"Kò sáyè ìjókòó níbí, Ìyá."

"Fẹ̀yìn ti nǹkan, nígbà náà. Ìnná lilláhi. Ìyá rẹ ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun lọ́jọ́rú. A ti sin wọ́n lánàá."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dúró dè mí. Mo tiẹ̀ láyà láti bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

"A dúró dè ọ́," ni Alhaja wí. Wọn ò gbé ohùn sókè. "Òkú mùsùlùmí kì í dúró, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ bẹ Lèmọ́mù títí, a dúró di ìrun Àìlà ọjọ́ kejì. A ò mọ ibi tá a ti máa wá ọ. Ọmọ wo la tún fẹ́ máa dúró dè?"

Mi ò mọ bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ọkùnrin tó ni ilé kọfí náà gbé àga wá fún mi, ó gbé omi wá. Níta, àwọn ọmọdé ń fò láti orí òkúta sínú omi.

Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó délé, torí mo ní láti dúró de àyè nínú bàálù. Lará fẹ́ tẹ̀lé mi. Mo ní kó má wulẹ̀ tẹ̀lé mi. Kì í ṣe ìyá tirẹ̀ ló kú.

Ọ̀sán Àìkú ni mo wọlé. Àwọn obìnrin mọ́sálásí jókòó yí pálọ̀ ká. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ mi. Wọ́n sún fún mi, mo jókòó sórí ẹní. Aṣọ aláràbarà ló wà lọ́rùn mi, mi ò rántí pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Mùtíù, wo ẹsẹ̀ mi, bàtà fífẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ létí òkun.

"Ẹ kú ìrìn àjò o," ló wí. "Wọ́n ní Ítálì dára."

"Ìyá Mùtíù, ó tó," ni Alhaja wí.

Ẹnu Alhaja ni mo ti gbọ́ bó ṣe lọ. Lọ́jọ́rú, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Nùrúdíìnì ti wa takisí jáde. Obìnrin ará Mẹ́síkò tó ń gbé ẹnu ọ̀nà kejì gbọ́ igbe ọmọ tí kò dáwọ́ dúró. Ó lọ pe ẹni tó ń tọ́jú ilé kó wá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bá Ìyá nílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ojú ni wọ́n dà bolẹ̀. Ṣídíkátù wà lẹ́yìn wọn, ọ̀já dì í pinpin, kò ní àpá kankan lára.

"Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá kọ lù lójijì, ibi tó bá rí ló ń ṣubú sí," ni Alhaja wí. "Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò fi ẹ̀yìn balẹ̀."

Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sọ èyí tó kù.

"Nígbà tá a fẹ́ wẹ̀ wọ́n, mo béèrè pé ọmọ wọn obìnrin dà. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ da omi. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Èmi tí mi ò mọ̀ wọ́n ju ọdún kan lọ ni mo dà á."

Ẹ̀gbọ́n mi Àkànmú pè láti Ìwó lọ́jọ́ kẹta tí mo dé. Wọ́n ti sọ fún un. Mo kúnlẹ̀ nídìí tẹlifóònù bí ẹni pé ó ń rí mi.

"Ìwọ lo wá mú Ìyá nílé," ló wí. "O ní àwa ò lè tọ́jú wọn, ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì lo lè tọ́jú wọn. A ò jiyàn. A di ẹrù wọn. Níbo lẹ sin wọ́n sí?"

"Itẹ́ òkú kan lẹ́yìn ìlú ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀?"

Mi ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn èèyàn ti túká, Nùrúdíìnì jókòó kọjú sí mi nídìí tábìlì. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti rù.

"Ọkùnrin ni mo kọ́kọ́ rò," ló wí. "Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń rò ó. Ó yà mí lẹ́nu pé ìbá sàn fún mi tó bá jẹ́ ọkùnrin. Ǹ bá mọ orúkọ ohun tó o ṣe. Ilé lo lọ wò. Ilé onílé."

"Ẹ forí jì mí."

"Mo ń gbìyànjú." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú tábìlì, ibi tí kò sí ìdọ̀tí kankan. "Sọ nǹkan kan fún mi. Ṣé o wọn ẹ̀jẹ̀ Ìyá kí o tó lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ibí yìí ni mo ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ítálì, gbogbo Missouri City ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́sálásí, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Lará, àwọn ará Stafford gbọ́ ọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ni ohun tí mo dáhùn nídìí tábìlì yẹn. Ọkọ mi ń wò mí. Ó fẹ́ kí n fún òun ní ibi tí ó lè dúró lé láti dárí jì mí. Bí ẹ̀jẹ̀ Ìyá bá ti dára nígbà tí mo kúrò nílé, a jẹ́ pé irọ́ nìkan ni mo pa, ikú wá fúnra rẹ̀.

"Ó dára," ni mo wí. "Ó dára púpọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Alhamdulillahi," ló wí. Ó nawọ́ kọjá tábìlì, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọwọ́ tó fi dì mí mú yẹn ni mi ò lè gbà mọ́ra. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe mí lóore, ìbínú ló ń bí mi. Tó bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo máa ń yí ojú. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ni, ó ní sùúrù fún ọdún kan àti oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí lòun ṣe. Mi ò rí ohun tí mo máa sọ tí kì í ṣe òtítọ́, òtítọ́ sì ni mi ò lè sọ. Ó kó lọ sí ìlú Rosenberg.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mú ìyá yín wá sí òkè òkun, mi ò ní kí ẹ má rìnrìn àjò. Mi ò ní àwọn abúlé yẹn kò dára. Wọ́n dára. Ẹ kàn sọ ibi tí ẹ ń lọ fún àwọn tó ń dúró dè yín. Bí ìyá yín bá bi yín pé kí ni ẹ̀rọ wí, ẹ ka ohun tó wí fún wọn.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Nùrúdíìnì. Nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ̀rọ wí wà nínú rẹ̀, bí mo ṣe rí wọn láàárọ̀ Sátidé yẹn. Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn yìí, kó má baà jẹ́ pé inú ìwé ni yóò ti kọ́kọ́ kà á. Mi ò mọ ohun tí yóò ṣe.

Ọdún 1989 la wà yìí. Ṣídíkátù ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò rántí ẹni tó pọ̀n ọ́n. Itẹ́ òkú tí wọ́n sin Ìyá sí wà lójú ọ̀nà tó jáde nílùú, àwa mùsùlùmí ní ìlà mẹ́ta níbẹ̀, Ìyá sì wà ní ìlà kejì. Òkúta pẹlẹbẹ kan ló wà lórí wọn, Làdíátù, ọdún 1986, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni láti ilé mi. Mo máa ń lọ ní Jímọ̀ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń fa koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì máa ń padà sílé.